Orúnkún Ọ̀tún Nìkan

Orúnkún mi ọ̀tún kì í ká. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rin báyìí. Ọ̀kadà ló gbé mi ṣubú ní Okokomaiko, nígbà tí wọ́n ṣì ń tú ojú títì yẹn palẹ̀, tí gbogbo wa ń gba inú iyanrìn kọjá bí ewúrẹ́. Ọlọ́kadà dìde, ó gbọn eruku ara rẹ̀, ó bi mí pé ṣé kò sí nǹkan. Mo ní kò sí nǹkan. Irọ́ ni mo pa. Nígbà tí àwọn dókítà fi máa ṣe tán lára orúnkún náà, ó ti le gbọnrangandan, kò sì gbọ́ ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni lẹ́nu mọ́. Mo lè rìn. Mo lè dúró láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Mo lè gun àtẹ̀gùn bí mo bá fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú. Ohun méjì péré ni n kò lè ṣe: n kò lè jókòó sínú bọ́ọ̀sì láìjẹ́ pé ẹsẹ̀ mi wà lórí itan ẹlòmíràn, n kò sì lè kúnlẹ̀.

Ti bọ́ọ̀sì, mo ti gbé e fún Ọlọ́run. Ti ìkúnlẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Ilé búrẹ́dì kan ní Ajangbadi ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń wọn fláwà, ṣúgà, yíìsì àti iyọ̀. Èmi ni mò ń sọ ìgbà tí a ó da omi sí i àti ìgbà tí ẹ̀rọ yóò dúró. Bí mo bá ti fi àtàǹpàkò tẹ ìyẹ̀fun tí a pò, mo ti mọ̀ bóyá ó ti wú lóòótọ́ tàbí ó ń parọ́. Ọdún méjì gbáko ni mo fi ṣe olórí yàrá tí a ti ń po ìyẹ̀fun láìsí ìwé kankan lọ́wọ́ mi. Adelé ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tó bá ti ṣe adelé rí mọ̀ pé iṣẹ́ ọ̀gá ni wọ́n ń gbé lé e lórí, ṣùgbọ́n ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọ iṣẹ́ wí ni wọ́n fi ń bá a sọ̀rọ̀. Ìwé yẹn ni mò ń wá. Bí wọ́n bá fún mi, ipò náà di tèmi, kò sí ẹni tó tún lè jí láàárọ̀ kó ní kí n padà lọ máa di búrẹ́dì sínú ọ̀rá.

Wọn kì í sì í fi ìwé ránṣẹ́ sí ènìyàn nílé iṣẹ́ wa. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún, lọ́jọ́ ìdúpẹ́, Bàbá tó dá ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀ máa ń wá láti ilé wọn ní Ìbà. A ó gbé àga wọn sí ọ̀kánkán ààrò, àwọn tó fẹ́ gba ìwé á sì tò lọ bá wọn. Bàbá ti kọjá ọgọ́rin ọdún, ojú wọn kò sì rí ju ìmọ́lẹ̀ àti òjìji lọ mọ́. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń ríran. Wọn á na ọwọ́ ọ̀tún síwájú, ibì kan náà ló máa ń dúró sí lọ́dọọdún, á sì bọ́ sórí ẹni tó bá kúnlẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ìdérí ìkòkò. Wọn á gbàdúrà, wọn á fa ìwé lé e lọ́wọ́, ó parí.

Kò sí ẹni tó kọ bí a ṣe ń ṣe é sílẹ̀, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin á kúnlẹ̀. Ọkùnrin á bẹ̀rẹ̀, á fi ìka kan ilẹ̀, á wá gbé orí rẹ̀ sí abẹ́ ọwọ́ náà; kódà Bọ̀dá tó ń ṣọ́ géètì, tó ń tiro, mọ bó ṣe ń ṣe tirẹ̀. Àwọn ìyá àgbà, bí wọ́n bá ti fi ara hàn pé àwọn fẹ́ bẹ̀rẹ̀ báyìí, gbogbo ilé á pariwo pé, "Ó tó, Màmá, ẹ má kúnlẹ̀ mọ́!" Aboyún á dúró ní tirẹ̀, ọwọ́ Bàbá á bá ikùn rẹ̀ pàdé, wọn á sì gbàdúrà aboyún fún un. Gbogbo ènìyàn ló ní ọ̀nà tirẹ̀. Lọ́dún tí wọ́n gbà mí síṣẹ́, ẹsẹ̀ mi ṣì dá ṣáṣá, mo kúnlẹ̀ bí ẹgbẹ́ mi. Lọ́dún tí wọ́n tún pe orúkọ mi fún ìwé olórí yàrá, n kò ní ọ̀nà kankan.

Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi dán an wò nílé níwájú dígí. Mo pinnu pé n ó ká orúnkún òsì, n ó na ọ̀tún síwájú, kí ara lè sọ̀kalẹ̀ díẹ̀, kí wọ́n kàn rí i pé mo gbìyànjú. Nílé, mo di àga mú. Níwájú Bàbá, kò sí àga kankan àfi èyí tí àwọn fúnra wọn jókòó lé. Bí mo ṣe ká ẹsẹ̀ òsì, ẹsẹ̀ ọ̀tún yọ̀ lọ síwájú, ẹ̀yìn mi fà sẹ́yìn, ikùn mi sì yọ síta. Ìgbà yẹn gan-an ni ọwọ́ Bàbá dé. Ó bọ́ lé mi níkùn.

Bàbá fọwọ́ pa á lọ, wọ́n pa á bọ̀. Mo jẹun yó dáadáa láàárọ̀ ọjọ́ náà, n kò ní purọ́.

"Àṣé báyìí ni," ni Bàbá wí, ohùn wọn sì rọ̀. "Ọlọ́run tó fi sí i á sọ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀. Wàá bí tibi tire. A ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ."

Gbogbo ilé búrẹ́dì dáhùn pé, "Àmín!" Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ṣe àmín tán kí wọ́n tó rántí pé n kò lóyún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín bú. Èmi náà dúró síbẹ̀, ẹsẹ̀ kan níwájú bí ẹni tó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, mò ń retí ìwé mi.

Mánẹ́jà wa ló mú ìwé náà kúrò lọ́wọ́ Bàbá. Ọmọ àbúrò Bàbá ni, ọkùnrin tó máa ń de táì nínú ooru ààrò, tí fláwà á sì ti bo táì náà kó tó di aago mẹ́sàn-án. Ó dá ìwé mi padà sínú fáìlì. "A ó tún wò ó," ó ní.

Ní ọjọ́ kejì ó pè mí. Mo rò pé ó fẹ́ sọ pé mo ṣe àfojúdi ni. Ẹ̀sùn tó kà sí mi lọ́rùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

"O fi jìbìtì gba àdúrà aboyún," ó ní.

"Èmi kẹ̀, ọ̀gá?"

"Bàbá gbàdúrà fún ọ gẹ́gẹ́ bí aboyún. Ṣé o lóyún?"

"N ò lóyún, ọ̀gá. Àdúrà yẹn ló wá bá mi. Èmi kọ́ ni mo lọ bá a."

"Kí ló dé tí o ò kúnlẹ̀?"

"Orúnkún mi ò ká. Ẹ̀yin náà lẹ fún mi láyè lọ sí ọsibítù nígbà yẹn."

"Ṣebí aláṣọ funfun ni ẹ́. Ṣé ìdúró lo ti máa ń gbàdúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì ni?"

"Orí àga ni mo ti ń gbà á, ọ̀gá. Wòlíì wa ní Ọlọ́run ò béèrè orúnkún lọ́wọ́ mi."

"Ọlọ́run lè má béèrè," ó ní. "Ilé iṣẹ́ ní ìlànà."

Oṣù kan ló fún mi. Bí oṣù náà bá fi parí tí n kò kúnlẹ̀ gba ìwé, ipò náà di ti ọmọbìnrin kan tó wà lábẹ́ mi, ọmọbìnrin tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́ níṣẹ́. Láti ọjọ́ yẹn lọ ni mánẹ́jà ti ní kó bọ́ síwájú ẹ̀rọ, kí èmi máa dúró lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ náà kì í ṣe ọmọ burúkú. Ṣùgbọ́n ìkúnlẹ̀ yá a lára. Ó lè kúnlẹ̀ kó dìde lẹ́ẹ̀mẹwàá kí omi tó hó. Nígbà àkọ́kọ́ tó ní kí n bá òun gbé ìwọ̀n, ó kúnlẹ̀ sọ ọ́ ni. "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Mo bínú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọkàn mi síbí. Kì í ṣe pé ìkúnlẹ̀ kò wù mí. Nígbà tí mo kọ́kọ́ lọ kí ìyá mi ní Ìlaròó lẹ́yìn ìjàǹbá náà, ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí bí òpó iná, mò ń sunkún, nítorí n kò mọ bí ènìyàn ṣe ń kí ìyá rẹ̀ lórí ìdúró. Ìyá mi wò mí títí. Wọ́n ní, "Wọlé, jàre. Mo ti rí i lójú rẹ pé o ti kúnlẹ̀." Ẹni tí mo jẹ ní ìkúnlẹ̀ jù láyé ti dá mi sílẹ̀. Mánẹ́jà tó ń de táì wá ní òun ò dá mi sílẹ̀.

Mo lọ bá lọ́yà. Ní Iyana-Iba ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, lókè ṣọ́ọ̀bù kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tòkọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Obìnrin kékeré ni, ojú rẹ̀ mú. Bí wọ́n bá ti tan ẹ̀rọ nísàlẹ̀, tábìlì rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, a ó sì dákẹ́ títí ẹni tó ń tẹ ìwé rẹ̀ á fi parí. Ó mú bíírò, ó ní kí n sọ ohun tí wọ́n fi ṣe mí.

"Ṣé torí pé ẹ jẹ́ obìnrin ni?" ó bi mí.

Mo ní rárá, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀.

"Ṣé torí pé ẹ jẹ́ aláàbọ̀ ara ni?"

"Ta ni aláàbọ̀ ara?" Ohùn mi ti lọ sókè. "Orúnkún kan péré ló kọ̀. Èyí tó kù ń ṣiṣẹ́. Tó bá sì jẹ́ torí ẹsẹ̀ ni, wọn ò bá ti lé Bọ̀dá géètì, tó ń tiro."

"Torí ọjọ́ orí ńkọ́?"

"Àwọn ìyá àgbà wà níbẹ̀, gẹ̀gẹ̀ ni wọ́n ń gbé wọn bí ẹyin."

Lọ́yà gbé bíírò sílẹ̀. "Àǹtí," ó ní, "ẹ ti bá wọn rojọ́ wọn tán."

Ojú tì mí. Ó fa ìwé kan jáde, ó fa ilà mẹ́ta sí i tó gba ara wọn kọjá lójú kan, ó sì fi bíírò tẹ ojú náà títí ìwé fi fẹ́ẹ̀ lu. "Ibí lẹ wà," ó ní. "Ká ní ọkùnrin ni yín, ẹ ti gba ìwé. Ká ní ẹ ti pé ọgọ́ta ọdún, ẹ ti gba ìwé. Ká ní orúnkún yín dá, ẹ ti gba ìwé. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló para pọ̀ mú yín lẹ́ẹ̀kan náà."

"Òfin wá ńkọ́?"

"Òfin tó ní kí wọ́n má fìyà jẹ obìnrin torí pé ó jẹ́ obìnrin wà nínú ìwé ńlá orílẹ̀-èdè. Èyí tó ń dáàbò bo aláàbọ̀ ara wà nínú ìwé mìíràn lọ́tọ̀. Ti ọjọ́ orí, mo ṣì ń wá a."

"Ṣé kò sí ìwé kan tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pàdé?"

Nísàlẹ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ. Nígbà tó parí, ó ní, "Inú lẹ́tà tí mo fẹ́ kọ yìí ni wọ́n ti máa pàdé."

Ó kọ lẹ́tà náà, ó fi orúkọ Bàbá sórí rẹ̀ nítorí àwọn ló ni ilé iṣẹ́. Mánẹ́jà ló gba lẹ́tà náà ní orúkọ Bàbá; lọ́jọ́ kẹta, ó pè mí. Ohùn rẹ̀ ti dùn bí oyin. Ó ti tẹ́ ìwé orúkọ mẹ́ta sórí tábìlì: ti ọkùnrin, ti obìnrin, ti àwọn ìyá àgbà.

"A ò fẹ́ wàhálà," ó ní. "Inú ìwé obìnrin lo wà, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń wá. A lè gbé ọ kúrò níbẹ̀. Mo lè kọ ọ́ mọ́ àwọn ìyá àgbà lónìí. O ò ní kúnlẹ̀ mọ́ láé."

"Ẹni ọdún mọ́kàndínlógójì ni mí, ọ̀gá."

"Nínú ìwé nìkan ni."

"Tí mo bá di ìyá àgbà, ṣé mo lè ṣe olórí yàrá?"

Ó tún ìwé náà wò. "Ìyá àgbà kì í dúró ti ẹ̀rọ. Ìgbálẹ̀ àti ọ̀rá dídì ni tiwọn." Ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó fa òmíràn mọ́ra. "Ìwé ọkùnrin ńkọ́? Ọkùnrin kì í kúnlẹ̀. Wàá kàn bẹ̀rẹ̀, wàá fi ìka kan ilẹ̀."

Ìtìjú ibẹ̀ ni pé mo rò ó. Mo béèrè bóyá n ó máa gbé àpò fláwà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo ọkùnrin ló ń gbé e. Mo béèrè ilé ìyàgbẹ́ tí n ó máa lò. Ó ní àwọn á ṣe ìpàdé lórí ìyẹn. Ó tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí a fi ń dúnàá-dúrà bẹ́ẹ̀ kí n tó já sí i pé mo ti jókòó sí ọ́fíìsì, mò ń yan èyí tó dára jù nínú kí n di arúgbó àti kí n di ọkùnrin.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ kúkú kọ mí mọ́ àwọn ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó ń po ìyẹ̀fun náà kì í kúnlẹ̀."

Ó mú bíírò, ó kọ ọ́ sílẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ fi di ìpàdé. Iwájú ààrò náà la ti ṣe é. Lọ́yà ní dandan ni kí Bàbá wà níbẹ̀, wọ́n sì lọ gbé wọn wá láti Ìbà láìsọ ohunkóhun fún wọn ju pé àlejò kan fẹ́ rí wọn. Mánẹ́jà ti kó ẹlẹ́rìí mẹ́ta jọ, ó tò wọ́n sórí bẹ́ǹṣì.

Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ pè. "Màmá, ṣé ẹnikẹ́ni ń fìyà jẹ yín níbí torí ọjọ́ orí yín?"

"Ìyà kẹ̀? Wọ́n ń ṣìkẹ́ mi ni."

"Ṣé wọ́n máa ń ní kí ẹ kúnlẹ̀?"

"Kí ta ló wá gbé mi dìde?"

Ó kan Bọ̀dá géètì. Ará ọ̀nà Àgbádárìgì ni, Ègùn ni, pìjín ló máa ń fi dá gbogbo ènìyàn lóhùn. Wọ́n bi í bóyá wọ́n ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ dà á láàmú. "Me?" ó ní. "Since wey I dey here, nobody worry my leg."

Ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ló kẹ́yìn. Wọ́n bi í bóyá wọ́n ń rẹ́ ẹ jẹ torí pé ó jẹ́ obìnrin. "Rárá, sà," ó ní. Orí ìkúnlẹ̀ ló wà nígbà tó ń sọ ọ́.

Mánẹ́jà gbọn ọwọ́ méjèèjì. "Ó tán. Àgbà ò jìyà. Aláàbọ̀ ara ò jìyà. Obìnrin ò jìyà. Ta ló wá kù?"

"Ó ku ẹni tó jókòó tì mí," ni lọ́yà wí. "Ẹ ti pín in sí mẹ́ta, ẹ sì ti fi hàn pé kò sí ìdá kan tó jìyà níbẹ̀. Ó dáa. Ẹ fi obìnrin mìíràn hàn mí nílé yìí tí kò tíì dàgbà, tí orúnkún rẹ̀ kò ká, kí n rí ohun tí ẹ fún un."

Ẹ ò ní gbàgbọ́, mánẹ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í wá a. Ó ṣí ìwé orúkọ, ó ń fi ìka tọ̀ ọ́ lọ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ṣí ojú ìwé mìíràn, ó tún ń tọ̀ ọ́. Gbogbo wa dúró dè é. Bọ̀dá géètì ni àánú rẹ̀ ṣe.

"Oga," ó ní, "na only she."

Ìgbà náà ni Bàbá sọ̀rọ̀. "Ta lẹ ń wá?"

Mo ní, "Èmi ni, sà."

Bàbá yí etí sí mi. "Ohùn yìí. Ṣé ìwọ kọ́ ni mo súre fún lọ́jọ́ ìdúpẹ́? Ṣé o ti sọ̀?"

"N ò lóyún, sà. Ikùn mi lásán lẹ fọwọ́ kàn. Orúnkún mi ni kò ká, mi ò lè kúnlẹ̀ fún yín. Torí ẹ̀ ni wọn ò ṣe fún mi ní ìwé."

Bàbá gbé ọwọ́ wọn sókè, wọ́n wò ó bí ẹni pé wọ́n ń rí i, ọwọ́ tó ti ń nà sí ibì kan náà láti ọdún yìí wá. "Ẹ gbé mi dìde," wọ́n ní.

Ọkùnrin méjì ló gbé wọn. Ó pẹ́ díẹ̀, nítorí orúnkún tiwọn náà ń ké kọ́, kọ́ bí igi gbígbẹ. Bàbá na ọwọ́ síwájú, ó kan èjìká mi, ó gùn ún lọ títí ó fi dé orí mi. "Ẹ̀yin tí ẹ lójú," ni wọ́n wí fún àwọn tó yí wọn ká, "ìgbà wo lẹ máa tó sọ fún mi pé ènìyàn wà lókè níbí?"

Mo sunkún lójú gbogbo wọn. Ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ló nu ojú mi, aṣọ tó fi ń nu àtẹ búrẹ́dì ló lò.

Ó ku kí a kọ àdéhùn. Lọ́yà kọ tirẹ̀ pé ẹnikẹ́ni tí ara rẹ̀ kò bá gbà á láti kúnlẹ̀, kó gba ìwé rẹ̀ bó bá ṣe rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Mánẹ́jà ní ìyẹn ti fẹ̀ jù, gbogbo ọmọbìnrin tó wà nílé iṣẹ́ ni ara kò ní gbà mọ́ tó bá di ọ̀la. Ó kọ tirẹ̀: òṣìṣẹ́ obìnrin tí kò tíì di ìyá àgbà, tí orúnkún rẹ̀ ọ̀tún kò ká, lè dúró gba ìwé. Lọ́yà kọjú sí mi. "Àǹtí, èyí kéré jù. Ẹ̀yin nìkan ló gbà."

"Èmi nìkan náà ni wọ́n fìyà jẹ," mo ní. "Ẹ jẹ́ ká fọwọ́ sí i." Ìwé mi wà lórí tábìlì, mò ń wò ó. Bí wọ́n bá kọ orúkọ ọ̀kadà tó gbé mi ṣubú mọ́ ọn, n ó fọwọ́ sí i. Mo gba ìwé mi, mo padà síwájú ẹ̀rọ.

Mánẹ́jà fi férémù sí àdéhùn náà, ó gbé e kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago. Mo fẹ́ràn férémù yẹn. Láràárọ̀ ni mo máa ń nu fláwà kúrò lójú rẹ̀ kí n tó tan ẹ̀rọ. Àwọn kan ní ilé, àwọn kan ní ilẹ̀; èmi ní òfin kan tí èmi nìkan ń gbé inú rẹ̀.

Ohun tí n kò fura sí ni ohun tí ìwé náà yóò ṣe fún àwọn tó kù. Tẹ́lẹ̀, ojú àánú ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí ìwé gorí ògiri, ojú àánú fẹ̀yìn tì. Ohun tí mánẹ́jà ń sọ ni pé ìwé ti dárúkọ ẹni tó lè dúró. Ẹni tí ìwé kò bá dárúkọ, kó kúnlẹ̀. Kódà ó di kí a máa wá àpótí kékeré fún àwọn ìyá àgbà de ọjọ́ ìdúpẹ́ tó ń bọ̀, kí wọ́n lè fi orúnkún kan kàn án.

Nígbà tí ọdún yí po, ọmọbìnrin tí mo kọ́ níṣẹ́ ti lóyún oṣù mẹ́jọ, orúkọ rẹ̀ sì wà nínú àwọn tí wọ́n fẹ́ sọ di òṣìṣẹ́ gidi. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ìdúpẹ́, ó wá bá mi lẹ́bàá ẹ̀rọ. "Àǹtí, ṣé ìwé ara ògiri yẹn kàn mí?"

Mo wò ó. Mo rántí oṣù tí mo fi dúró lẹ́yìn rẹ̀. "Orúnkún ọ̀tún ló sọ," mo dá a lóhùn. "Kò sọ ti ikùn." Mo padà sídìí ìwọ̀n mi. Kí n má parọ́, inú mi dùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ ìdúpẹ́, wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Ó rìn dé iwájú Bàbá, ó wo mánẹ́jà, mánẹ́jà wo férémù. Ọmọ náà di etí tábìlì mú, ó ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀, òógùn bò ó lójú, títí orúnkún méjèèjì fi kan ilẹ̀. Ọwọ́ Bàbá dé, ó bọ́ sórí rẹ̀ gẹ́lẹ́. Bàbá kò mọ̀. Àdúrà iṣẹ́ ni wọ́n gbà fún un, pé kí Ọlọ́run bù kún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀mí kejì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kò sí ẹni tó dárúkọ rẹ̀. Mo rántí pé ikùn lásán tèmi, tí ẹ̀wà àti búrẹ́dì kún inú rẹ̀, ti gba àdúrà yẹn lẹ́kùn-ún rẹ́rẹ́.

Ó fẹ́ dìde, kò lè dìde.

N kò mọ ìgbà tí mo kúrò lẹ́bàá ẹ̀rọ. Mo kàn bá ara mi níwájú, mo na ẹsẹ̀ mi ọ̀tún sẹ́yìn, mo ki ọwọ́ sábẹ́ apá rẹ̀ kan, ìyá àgbà tó ń gbálẹ̀ ti di èkejì mú. A gbé e dìde.

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀ o," ni mánẹ́jà wí.

"Mo mọ ohun tí ìwé sọ," mo ní. "Èmi náà ni mo jẹ́ kó kéré."

Mo di ọwọ́ Bàbá mú, mo gbé e kúrò níbi tó ti ń dúró lọ́dọọdún, mo sì gbé e lé ikùn ọmọ náà. Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ pa á. Lójijì, wọ́n fa ọwọ́ sẹ́yìn kíá.

"Ó ta mí nípàá!" ni Bàbá pariwo. "Èyí kì í ṣe oúnjẹ àárọ̀."

Wọ́n dá ọwọ́ padà síbẹ̀, wọ́n súre fún un, a sì ṣe àmín. Ọmọ náà ń sunkún, ó ń pè mí ní Àǹtí, n kò lè wo ojú rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, mo yọ férémù náà kúrò lára ògiri, mo gbé e sí abíyá, mo wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Iyana-Iba pẹ̀lú ẹsẹ̀ mi lórí itan bàbá kan tó ń ráhùn títí a fi sọ̀. Mo fi ẹsẹ̀ òsì ṣáájú gun àtẹ̀gùn náà, mo gbé férémù lé tábìlì lọ́yà.

"Ẹ kọ 'ẹnikẹ́ni' síbẹ̀," ni mo wí fún un kí n tó jókòó.